Gáàsì Ìdáná Láti Inú Àjẹkù: Ohun Tí Onílé ní Alímọ̀ṣọ́ Lè Fi Táńkì Méjì Ṣe

Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà LASU wọ Ìgàndó ti gbóòórùn Solous kí ojú rẹ̀ tó rí i. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ààtàn náà ti ń gba ìdọ̀tí Èkó, ilé gbígbé sì ti yí i ká, débi pé Ilé Ìwòsàn Ìjọba Alímọ̀ṣọ́ pàápàá kò jìnnà sí i. Nígbà míì iná a máa sọ lára òkìtì náà, èéfín a sì gba àdúgbò kan. Ọ̀rá àti táyà nìkan kọ́ ló ń jó níbẹ̀. Oúnjẹ tó ti jẹrà sábẹ́ òkìtì, níbi tí atẹ́gùn kò dé, ń tú gáàsì kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ methane, gáàsì náà sì ń gbaná. Ní Solous, òfò àti ewu ni. Nínú táńkì tí wọ́n ṣe dáadáa lẹ́yìnkùlé, ó lè se ọbẹ̀ alẹ́.

Ìjọba Èkó ti sọ pé àwọn yóò ti Solous 3, apá kan ààtàn náà, pa. Ṣùgbọ́n bí ààtàn kan bá tì, ìdọ̀tí kò ní torí ìyẹn dẹ́kun. LAWMA, àjọ tó ń bójú tó ìdọ̀tí Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977 tí ó sì ń jẹ́ orúkọ yìí láti 1991, ka ìdọ̀tí tí Èkó ń dà nù lójúmọ́ sí nǹkan bí 13,000 tọ́ọ̀nù. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ ohun tó ń jẹrà: èèpo, ewé, èso tó bàjẹ́, ìyókù oúnjẹ. Ìdajì yẹn ni orí yìí dá lé, nítorí pé òun nìkan ni ìdílé kan lè fọwọ́ ara rẹ̀ sọ di iná láìsí ilé iṣẹ́ ńlá.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ti pẹ́. Ní ìlú Pune ní Íńdíà, Anand Karve àti àjọ rẹ̀, ARTI, ṣe irú èyí tó ń lo táńkì ike méjì tí ọ̀kan wọ inú èkejì. Àwọn ará Íńdíà ti ń fi ìgbẹ́ màlúù ṣe gáàsì tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n Karve fi hàn pé àjẹkù oúnjẹ, pàápàá èyí tó ní sítáàṣì àti ṣúgà, ń mú gáàsì jáde ju ìgbẹ́ lọ, ó sì yára jù ú. Àjọ náà gba ẹ̀bùn Ashden ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2006. Nítòsí wa, ní Porto-Novo, ọgbà Songhai tí Bàbá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 ń sọ ìgbẹ́ ẹran àti ewéko di gáàsì láàárín oko. Kò sí ohun tí wọ́n lò níbẹ̀ tí kò sí ní Ìkòtún.

TA NI Ó YẸ KÓ DÁWỌ́ LÉ E

Kí onílé kọ́kọ́ mọ ohun tí yóò rí gbà. Kílò kan àjẹkù tútù máa ń mú nǹkan bí ìdámẹ́wàá mítà kúbíìkì gáàsì jáde. Ilé tó bá ń rí kílò mẹ́ta lójúmọ́ yóò rí gáàsì tó lè dáná lórí bọ́nà kan fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Èyí tó láti fi se omi tíì, dín ẹyin, se ọbẹ̀, kí wọ́n sì tún po ògì. Kò tó fún ẹ̀wà, kò sì tó fún oúnjẹ ayẹyẹ. Sìlíńdà gáàsì kò ní kúrò nílé, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ kó tó tán.

Ìdílé ènìyàn mẹ́rin lè má rí kílò mẹ́ta àjẹkù lójúmọ́. Nítorí náà, ibi tí ìdáná púpọ̀ wà ni ó bá a mu jù: ilé tí ìdílé mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ń gbé nínú ọgbà kan, ilé oúnjẹ ní Ẹgbẹ́dá, ìyá eléso ní ọjà Ìkòtún tó ní ilé tirẹ̀, tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó ń bọ́ àwọn ọmọ lọ́sàn-án. Bí ó bá jẹ́ ilé tí tẹ́náńtì pọ̀ sí, kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ lándílọ́ọ̀dù kí wọ́n tó ra ohunkóhun, kí gbogbo ilé sì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa bọ́ táńkì. Táńkì tí gbogbo ènìyàn ní, tí ẹnikẹ́ni kò sì tọ́jú, kò ní pé oṣù kan kó tó kan.

Ẹni tí kò ní ilẹ̀ ìta tí oòrùn ń pa, kí ó má ṣe é. Táńkì tó kún fún omi 1,000 lítà wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Kò sí bálíkónì tàbí dẹ́kì tí ó yẹ kó gbé e.

IRINṢẸ́ ÀTI OHUN ÈLÒ

Táńkì ni ohun tó gbówó jù. GeePee dúdú méjì ni, ọ̀kan 1,000 lítà, èkejì 750 lítà. Dúdú ni kó jẹ́, kí ó lè fa ooru oòrùn mọ́ra. Kí ẹni tó ń rà á mú téèpù ìwọ̀n dání lọ sí ìsọ̀, kí ó wọn ẹnu méjèèjì, nítorí pé ìbú táńkì kò dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì. Kékeré gbọ́dọ̀ wọ inú ńlá wọ́ọ́rọ́wọ́, kí àyè tó kù yí i ká má sì ju íǹṣì kan sí méjì lọ. Táńkì àlòkù dára bí ó bá jẹ́ omi ni ó ti gbé. Bí ó bá ti gbé kẹ́míkà rí, kí ó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ohun tí gbogbo plọ́ḿbà mọ̀ ló kù:

Páìpù PVC íǹṣì mẹ́rin, bíi mítà méjì, fún ẹnu ìjẹun táńkì. Páìpù íǹṣì méjì fún ibi tí àṣẹ́kù yóò máa gbà ṣàn jáde.

Backnut pẹ̀lú wáṣà rọ́bà rẹ̀ fún gbogbo ihò, elbow, T kan, ball valve ìdajì íǹṣì méjì, gọ́ọ̀mù páìpù, silicone, àti téèpù funfun tí àwọn plọ́ḿbà ń wé mọ́ ojú ìdè.

Họ́ọ̀sì gáàsì, irú èyí tí wọ́n ń tà pẹ̀lú sìlíńdà, àti kílíìpù tí yóò dè é. Kí wọ́n má fi họ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó rọ́pò rẹ̀, nítorí pé oòrùn ń là á.

Stóòfù gáàsì olójú kan. Ìgò ike kan tó lágbára. Kànìnkànìn onírin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò, bí ó bá sì ti dípẹtà, ó dára jù.

Ayùn irin, dírílì, sáńpépà, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, bàtà òjò, bébà tó ń wọn pH láti ilé ìtajà ohun èlò lábù, àti garawa yanrìn gbígbẹ nítorí iná.

Àti garawa méjì tó ní ìdérí. Owó kékeré ni wọ́n ń ta wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n yóò sọ bóyá iṣẹ́ náà yóò ṣe é ṣe tàbí kò ní ṣe é ṣe. Ọ̀kan wà fún ohun tí táńkì lè jẹ, èkejì fún ìyókù tí PSP, àwọn akólẹ̀kódọ̀tí, yóò kó.

OHUN TÓ Ń WỌ INÚ GARAWA

Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrẹsì tó kù sínú àwo, ẹ̀bà àná, ẹ̀wà tó kan, búrẹ́dì tó bu, èèpo àgbàdo tí wọ́n sẹ́ kúrò lára ògì, èso tó rà, ewé ẹ̀fọ́, omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì: gbogbo ìwọ̀nyí ni táńkì fẹ́ràn. Èèpo pákí náà dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì jẹ́ kó sùn sínú omi fún ọjọ́ kan tàbí méjì.

Egungun, ìkarahun ẹyin àti ìgbín, iyanrìn, igi, èèpo ẹ̀pà, ọ̀rá, ike, aṣọ, páńpá ọmọ: kò sí ọ̀kan tí yóò jẹrà níbẹ̀. Wọ́n yóò di ìsàlẹ̀ táńkì. Èèpo ọsàn yẹ ní ṣíṣọ́ra lọ́tọ̀. Òróró tó wà nínú èèpo náà ń pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe gáàsì, nítorí náà ìwọ̀nba díẹ̀ ni kó jẹ́, kí ẹni tó ń ta omi ọsàn má sì kó èèpo ọjà rẹ̀ dà síbẹ̀. Epo pupa tó pọ̀ tún burú. Izal, Jik àti omi ọṣẹ ni ọ̀tá tó le jù nínú gbogbo wọn. Omi tí wọ́n fi fọ àwo kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá.

Kí ẹnikẹ́ni má lọ ṣa àjẹkù láti Solous tàbí láti inú ààtàn ọjà. Ohun tó ti bá bátìrì, ìgò oògùn àti abẹ́rẹ́ pọ̀ kì í ṣe oúnjẹ táńkì mọ́, àṣẹ́kù tó bá sì ti inú rẹ̀ jáde yóò gbé májèlé dé ìdí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bá bu ún sí. Láti inú ìkòkò ni kí wọ́n ti yà á sọ́tọ̀, kó tó dé inú ọ̀rá dúdú.

ÌGBÉSẸ̀ LỌ́KỌ̀Ọ̀KAN

Ìkíní ni ibi tí yóò jókòó sí. Ó kéré tán, kí ó fi mítà mẹ́ta jìnnà sí ògiri ilé àti fèrèsé, kí ó sì jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ sí jẹnẹrétọ̀, sí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, àti sí abẹ́ wáyà iná. Kí ó fi mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jìnnà sí kànga, nítorí pé omi kànga ni ọ̀pọ̀ ilé ní Alímọ̀ṣọ́ ń lò. Wọ́n ó da kọnkéré tó nípọn, wọ́n ó sì tẹ́ ẹ dọ́gba. Ní àdúgbò tí àgbàrá ti ń wọlé, bí Ìjẹ̀gùn àti apá kan Ìṣẹ́rí-Ọ̀ṣun, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé e ga ju ibi tí omi dé lọ́dún tó kọjá.

Ìkejì, wọ́n ó fi ayùn gé orí táńkì méjèèjì kúrò. Ńlá yóò dúró lórí ìdí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sókè. Kékeré ni wọn yóò dojú rẹ̀ dé sínú ńlá, tí ìdí rẹ̀ yóò wá di òrùlé. Kí wọ́n fi sáńpépà fá etí ibi tí wọ́n gé títí yóò fi dán, kí wọ́n sì gbìyànjú kékeré wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú òfìfo: ó gbọ́dọ̀ gòkè kí ó sì sọ̀kalẹ̀ láìkọ́ sára ńlá. Òun ni yóò máa gbé gáàsì ró. Bí gáàsì bá pọ̀ yóò gòkè, bí wọ́n bá ń dáná yóò máa sọ̀kalẹ̀, tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ yóò fi ojú rí iye tó kù.

Ìkẹta ni ihò táńkì ńlá. Ihò ìjẹun wà nísàlẹ̀, bí ìbú ọwọ́ kan sí ìdí rẹ̀. Páìpù íǹṣì mẹ́rin yóò ti ibẹ̀ jáde, yóò sì yí gòkè níta pẹ̀lú elbow. Ihò àṣẹ́kù wà lókè, bí ìbú ọwọ́ kan sí etí táńkì. Ẹnu páìpù ìjẹun gbọ́dọ̀ ga ju ihò àṣẹ́kù lọ. Bí wọ́n bá gbàgbé èyí, ohun tí wọ́n dà wọlé yóò máa ṣàn padà sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ó fi backnut àti wáṣà dè é, wọ́n ó fi silicone kùn ún, wọ́n ó sì jẹ́ kí ó gbẹ fún odidi ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pọn omi kún un, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Ibi tó bá ń kán lóru yìí rọrùn láti tún ṣe. Bí ìgbẹ́ màlúù bá ti wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Ìkẹrin, wọ́n ó lu ihò kan sí orí òrùlé táńkì kékeré fún gáàsì, wọ́n ó sì de ball valve kan mọ́ ọn. Kí wọ́n ti valve náà, kí wọ́n dojú táńkì kékeré dé sínú omi, kí wọ́n sì po ọṣẹ títí yóò fi hó kí wọ́n tó fi í kun gbogbo ojú ìdè. Ibi tí ìfófòó bá ti ń wú, atẹ́gùn ń jáde níbẹ̀. Ìfófòó ọṣẹ ni wọ́n fi ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò, nígbà gbogbo. Ẹni tó bá ń fi iná ìṣáná wá a ń wá ikú.

Ìkarùn-ún ni irúgbìn. Táńkì nílò àwọn kòkòrò àìfojúrí tó mọ iṣẹ́ náà, inú màlúù ni wọ́n sì ti pọ̀ jù. Ilé ìpẹran Oko-Ọba ní Agége kò jìnnà sí Alímọ̀ṣọ́. Àpò ìrẹsì ńlá méjì ìgbẹ́ tútù, bíi 100 kílò, ti tó. Tútù ni kó jẹ́, kì í ṣe èyí tó ti gbẹ nínú oòrùn. Wọ́n ó pò ó mọ́ omi níwọ̀n kan náà, wọ́n ó ṣa òkúta àti koríko líle kúrò, wọ́n ó gbọ́n omi ìdánwò dànù, wọ́n ó sì da ìgbẹ́ náà wọlé. Omi lásán ni wọn yóò fi kún un títí yóò fi ṣàn díẹ̀ láti ihò àṣẹ́kù. Omi òjò tàbí ti kànga ló dára. Bí ó bá jẹ́ omi tí wọ́n fi oògùn sí ni, kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ mọ́jú kó tó wọlé. Wọ́n ó ṣí valve, wọ́n ó rọra tẹ táńkì kékeré sínú rẹ̀ títí atẹ́gùn yóò fi jáde tán, wọ́n ó sì tì í.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni. Ooru Èkó dára fún iṣẹ́ yìí púpọ̀, nítorí pé àwọn kòkòrò náà ń ṣiṣẹ́ jù láàárín ìwọ̀n ooru 30 sí 37 lórí Celsius. Òjò oṣù kẹfà àti keje yóò dá wọn dúró díẹ̀. Kí onílé má torí ìkánjú da àjẹkù sí i.

INÁ ÀKỌ́KỌ́

Nígbà tí òrùlé bá kọ́kọ́ gòkè, inú ilé yóò dùn, gbogbo ènìyàn yóò sì fẹ́ ṣáná. Kí wọ́n má ṣe é. Gáàsì àkọ́kọ́ kún fún atẹ́gùn tó kù sínú táńkì àti carbon dioxide tí kì í gbaná, àdàpọ̀ methane mọ́ atẹ́gùn ni ó sì ń bú gbàmù, bí methane bá wà nínú rẹ̀ láàárín ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí wọ́n ṣí valve ní gbangba níbi tí iná kò sí, kí gbogbo rẹ̀ jáde. Bí ó bá tún gòkè lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n tún tú u dànù. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọn yóò gbìyànjú.

Họ́ọ̀sì yóò ti orí táńkì wá sínú T kan tó wà níbi tó rẹlẹ̀ jù lójú ọ̀nà, kí omi tó bá dì nínú họ́ọ̀sì lè sọ̀ sínú ìgò ike abẹ́ rẹ̀. Omi tó wà nínú ìgò kò gbọ́dọ̀ tán, òun ni kò ní jẹ́ kí gáàsì gba ibẹ̀ sá. Lẹ́yìn T, wọ́n ó ki kànìnkànìn onírin sínú páìpù kúkúrú kan kí gáàsì gba inú rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ méjì ni irin yìí ń ṣe: ó ń mú hydrogen sulphide, gáàsì olóòórùn ẹyin tó bàjẹ́, kúrò, ó sì ń dí iná lọ́wọ́ kó má bàa sá padà sí táńkì. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti dúdú. Valve kejì wà nítòsí stóòfù.

Stóòfù gáàsì lásán kò ní jó dáadáa lórí rẹ̀, nítorí pé gáàsì táńkì kò ní agbára ìtì bíi ti sìlíńdà. Ihò kékeré tí gáàsì ń gbà yọ lábẹ́ bọ́nà ni kí oníṣẹ́ stóòfù fi dírílì fẹ̀ sí bíi mílímítà méjì. Stóòfù tí wọ́n bá ti ṣe báyìí kò gbọ́dọ̀ padà sórí sìlíńdà láéláé, nítorí iná rẹ̀ yóò ga ju orí lọ. Kí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pẹ̀lú ọ̀dà.

Ìṣáná ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣá, kí wọ́n tó ṣí valve. Lórí stóòfù ni wọ́n ti ń dán an wò, kì í ṣe lẹ́nu táńkì. Bí iná bá jẹ́ búlúù tí kò sì dún, ó ti tọ́. Bí ó bá ń fò kúrò lórí bọ́nà tó sì ń kú, kí wọ́n dín atẹ́gùn tó ń wọlé lábẹ́ rẹ̀ kù. Bí iná bá rẹlẹ̀ jù, kí wọ́n gbé àpò yanrìn kékeré méjì lé orí òrùlé ní ọ̀kánkán ara wọn kí ó lè tì í, kó má sì dagun.

BÍBỌ́ TÁŃKÌ LÓJOOJÚMỌ́

Ikùn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já lẹ́nu ọmú ni táńkì tuntun. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí iná bá ti jó, ìdajì kílò lójúmọ́ ti tó. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kílò kan. Títí yóò fi dé kílò mẹ́ta, oṣù kan yóò ti kọjá. Kí wọ́n gé àjẹkù wẹ́wẹ́ tàbí kí wọ́n gún un nínú odó tí wọn kì í fi gún oúnjẹ mọ́, kí wọ́n fi omi ìlọ́po méjì rẹ̀ pò ó, kí wọ́n sì dà á sí ẹnu páìpù ní àsìkò kan náà lójúmọ́. Iye tó wọlé ni iye tí yóò ṣàn jáde.

Àṣẹ́kù náà kì í rùn bí ìdọ̀tí, àwọn ohun ọ̀gbìn sì fẹ́ràn rẹ̀. Kí wọ́n fi omi ìlọ́po mẹ́ta là á, kí wọ́n bu ún sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbàdo tàbí ewédú, kí wọ́n má wọ́n ọn sórí ewé tí wọn yóò jẹ ní tútù. Àyè tó wà láàárín táńkì méjèèjì ni ẹ̀fọn yóò fẹ́ yé ẹyin sí, nítorí náà kí wọ́n fi àwọ̀n bò ó. Kí ẹnu páìpù ìjẹun ní ìdérí tí ọmọdé kò lè ṣí.

ÀṢÌṢE TÓ WỌ́PỌ̀

Àṣejù ló pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn ayẹyẹ, ẹnìkan á da ìkòkò ìrẹsì kan tó kù sínú táńkì. Ọjọ́ kejì òrùlé á gòkè gan-an, inú gbogbo ilé á dùn, ṣùgbọ́n gáàsì náà kò ní gbaná: carbon dioxide ni. Òórùn kíkan á bẹ̀rẹ̀. Bébà pH á fi hàn pé inú táńkì ti kan, ìwọ̀n pH rẹ̀ á ti sọ̀kalẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà, ìyẹn bíi 6.8 sí 7.5. Àtúnṣe rẹ̀ ni ààwẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n po eérú igi mọ́ omi kí wọ́n sì dà á sí i díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì fi garawa ìgbẹ́ màlúù tútù kan kún un. Bí ìwọ̀n pH bá ti padà sípò, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì kílò.

Bí òrùlé bá dúró sójú kan nígbà tí oúnjẹ ń wọlé dáadáa, gáàsì ń jò tàbí ẹnìkan ti da Jik sí i. Kí wọ́n lọ mú ọṣẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn.

Àṣìṣe mìíràn ni jẹnẹrétọ̀. Ó ṣe é ṣe kí jẹnẹrétọ̀ kékeré fi gáàsì yìí ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mítà kúbíìkì gáàsì kan kò ju iná kilowatt-wákàtí kan sí méjì lọ, ìdámẹ́ta ìyẹn sì ni ilé ń rí lójúmọ́. Hydrogen sulphide yóò sì jẹ inú ẹ́ńjìnnì. Ìdáná ni èrè rẹ̀ wà.

EWU TÍ WỌN KÒ GBỌ́DỌ̀ GBÀGBÉ

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá 2020, gáàsì bú ní ibi tí wọ́n ti ń ta á ní Bárúwà, nínú Alímọ̀ṣọ́ yìí kan náà. Ẹ̀mí lọ, ilé jó. Gáàsì sìlíńdà ni ìyẹn, ó wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló máa ń tẹ́ lọ. Gáàsì táńkì yàtọ̀: ó fúyẹ́ díẹ̀ ju atẹ́gùn lọ, òkè ló ń lọ. Nítorí náà, ilé ìdáná tó ń lò ó gbọ́dọ̀ ní ihò atẹ́gùn lókè ògiri lẹ́bàá àjà, kì í ṣe fèrèsé ìsàlẹ̀ nìkan.

Kí ẹnikẹ́ni má fi kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fíríìjì ki gáàsì yìí sínú sìlíńdà. Àwọn fídíò kan ń kọ́ ènìyàn bẹ́ẹ̀. Methane kì í di omi nínú sìlíńdà bí gáàsì ìdáná ti ń ṣe, agbára tí wọn yóò fi tì í wọlé ju ohun tí sìlíńdà náà lè gbà lọ, atẹ́gùn díẹ̀ tó bá sì bá a wọlé ti sọ ọ́ di bọ́ǹbù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wọ inú táńkì láti fọ̀ ọ́, ì báà ti ṣófo. Hydrogen sulphide tó bá pọ̀ máa ń pa imú kú, ẹni tó ń gbóòórùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní gbọ́ ọ mọ́, yóò sì rò pé ó ti lọ. Ẹni tó bá wọlé lọ gba ẹni tó dákú síbẹ̀ yóò ṣubú lé e lórí. Láti ìta, pẹ̀lú igi gígùn àti omi, ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́.

Páìpù ṣáláńgá kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ẹ̀wọ̀n ní Rwanda ń fi ìgbẹ́ ènìyàn dáná, iṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ KIST ṣe tí wọ́n fi gba ẹ̀bùn Ashden ní 2005. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni ìyẹn, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Bákan náà ni sísè ọ̀rá àti táyà nínú agolo láti fa epo jáde: oru tó ń ti inú rẹ̀ jáde ń gbaná bíi pẹtiróòlù. Kò sí ẹ̀yìnkùlé tó gba irú rẹ̀.

BÍ Ó BÁ JẸ́ ỌJÀ TÀBÍ ILÉ IṢẸ́

Ẹgbẹ́ ọlọ́jà, oko adìyẹ, ilé tí wọ́n ti ń ṣe gàrí tàbí ilé ìpẹran ní ìdọ̀tí tó pọ̀ tó láti fi tan iná mànàmáná. Àpẹẹrẹ wà. Ní ọjà èso Ìkòsì ní Kétu, LAWMA gbé ẹ̀rọ tó ń sọ èso jíjẹrà di gáàsì fún iná ọjà kalẹ̀. Ní Ìbàdàn, Joseph Adelegan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Thailand gbìmọ̀ iṣẹ́ lórí ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn láti ilé ìpẹran Bódìjà. Ó gba ẹ̀bùn SEED ní 2005. Irú èyí tó ń sun ìdọ̀tí gan-an náà wà ní Áfíríkà: Reppie ní Addis Ababa, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹjọ 2018, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 25, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn Koshe tó ya lulẹ̀ ní oṣù kẹta 2017 tó sì pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó tutù bíi ti ọjà Ìkòtún kì í fẹ́ jó. Omi inú rẹ̀ ni ooru yóò kọ́kọ́ fi ṣòfò. Gáàsì ló bá a mu.

Kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó bá wá ta ẹ̀rọ fún wọn, kí bàbálọ́jà tàbí ìyálọ́jà bèèrè ohun mélòó kan lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ta ni yóò máa ṣe àtúnṣe rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kìíní, owó ta sì ni? Níbo ni àṣẹ́kù yóò máa lọ, ní ọjọ́ tí àgbẹ̀ kò bá wá gbà á? Ta ni ó ti rí irú ẹ̀rọ yìí tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, níbo ni, ṣé a lè lọ wò ó? Àti èyí tí ọ̀pọ̀ wọn kì í lè dáhùn: lábẹ́ ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ta ni yóò gbé garawa méjì kalẹ̀, ta ni yóò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ pé ọ̀rá kò sí nínú èyí tó yẹ kó jẹ́ ti èso?